Ọ̀dá Dá Ọkọ̀ Ojú Irin Dúró, Òjò Náà Dá A Dúró: Àlàyé Lórí Òkìtì Tó Fẹ́ Ya

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, South Western Railway, ilé iṣẹ́ tó ń wa ọkọ̀ ojú irin ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kéde pé àwọn máa dín iye ọkọ̀ tó ń ná ọ̀nà Salisbury sí Exeter kù. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé ilẹ̀ ti gbẹ jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ka ìkéde náà, ó sì rú wọn lójú. Pé yìnyín dá ọkọ̀ dúró, a ti gbọ́ ìyẹn rí. Pé ìjì wó igi sójú irin, ìyẹn náà kì í ṣe tuntun. Ṣùgbọ́n kí oòrùn ràn, kí ilẹ̀ gbẹ, kí wọ́n wá ní ọkọ̀ ò lè sáré mọ́, báwo ni?

Ohun tó tún dá kún un ni pé lójú ọ̀nà kan náà yìí, èyí tó ti Waterloo ní London gba Basingstoke lọ, òjò ni wọ́n dá lẹ́bi ní oṣù kìíní ọdún 2023. Ilẹ̀ ya lábẹ́ ojú irin nítòsí Hook ní Hampshire. Ibi tó ya náà gùn tó nǹkan bí 44 mítà, irin wá ń fì dirodiro lófuurufú láìsí ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ojú irin mẹ́rin ló wà níbẹ̀, méjì péré ló ṣẹ́ kù tí ọkọ̀ lè gbà.

Ṣé òjò ni wọ́n ń bẹ̀rù ni, àbí ọ̀dá? Àwọn méjèèjì ni, ohun kan ṣoṣo ló sì so wọ́n pọ̀: omi inú amọ̀. Ẹni tó bá mọ ibi tí omi wà nínú òkìtì àti bó ṣe ń rìn níbẹ̀ ló lè tún òkìtì ṣe. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, owó ló ń dà sílẹ̀, ó sì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti òkìtì náà ṣubú. Mo fẹ́ ká mú un díẹ̀díẹ̀, kí ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà náà lè mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ti ọ̀nà pa.

Kí ni òkìtì, ta ló sì mọ ọ́n?

Ọkọ̀ ojú irin kì í lè gun òkè bíi mọ́tò. Ẹsẹ̀ irin ló fi ń rìn lórí irin, ìdìmú rẹ̀ kò tó nǹkan tó bá dojú kọ ibi tó ga. Nítorí náà, níbi tí ilẹ̀ bá ti ga, wọ́n á gé e. Níbi tó bá ti relẹ̀, wọ́n á kó erùpẹ̀ tí wọ́n gé jọ síbẹ̀. Erùpẹ̀ tí wọ́n kó jọ gbọọrọ yìí, tí ojú irin ń gba orí rẹ̀ kọjá, ni mò ń pè ní òkìtì. Ó ní orí, níbi tí irin wà. Ó ní ikùn, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ó ní ẹsẹ̀, níbi tí gẹ̀rẹ́ náà ti pàdé ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà mọ́tò náà ní òkìtì, pàápàá níbi tó bá ti fẹ́ gun afárá, dáàmù tí wọ́n bá sì fi erùpẹ̀ kọ́, òkìtì lòun náà.

Ọdún 1839 ni ojú irin tó ti London bọ̀ dé Basingstoke. Kò sí katakata nígbà náà, kò sì sí ẹ̀rọ tó ń tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ fi ṣọ́bìrì gbẹ́ erùpẹ̀, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ẹrù kó o wá sí ìpẹ̀kun ibi tí wọ́n dà á dé, wọ́n dà á sílẹ̀ níwájú, wọ́n sì ń tẹ̀ síwájú bẹ́ẹ̀. Ògúlùtu amọ̀ jókòó lórí ara wọn, àlàfo wà láàárín wọn, òkìtì sì ń rì fúnra rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ìmọ̀ tí àwọn ẹnjiníà òde òní fi ń ṣírò agbára erùpẹ̀ kò tíì délé ayé. Ọdún 1925 ni Karl Terzaghi, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Austria tí wọ́n bí ní Prague, tó gbé ìpìlẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀. Nítorí náà, mi ò rò pé ó tọ́ kí a máa bú àwọn tó kọ́kọ́ mọ òkìtì wọ̀nyí. Wọ́n fi ojú àti ìrírí ṣe é, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì ṣì dúró dòní.

Kí ló ń di erùpẹ̀ mú tí kì í fi ya?

Ìwúwo òkìtì ń fa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wálẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ohun tó ń dá a dúró ni bí hóró erùpẹ̀ ṣe ń tẹ ara wọn mọ́ra, tí ọ̀kan ò jẹ́ kí èkejì yọ̀. Bí wọ́n bá ṣe tẹ ara wọn tó ni wọ́n ṣe máa di ara wọn mú tó.

Ẹni tó bá ti fa omi nínú kànga rí mọ ohun tí omi ń ṣe sí ìwúwo. Tí korobá bá ṣì rì sínú omi, ó fúyẹ́ lọ́wọ́, torí omi ń bá yín gbé e. Kó ṣáà ti yọrí sókè omi, gbogbo ìwúwo rẹ̀ á já lé yín lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí nínú òkìtì. Tí omi bá kún àlàfo tó wà láàárín hóró erùpẹ̀, omi á bá wọn gbé lára ẹrù tó wà lórí wọn, wọn ò ní lè tẹ ara wọn mọ́ra bíi ti tẹ́lẹ̀, ìdìmú wọn á sì dẹ̀. Ohun tó ń fa òkìtì wálẹ̀ ò sì dín kù. Ó tiẹ̀ pọ̀ sí i ni, torí omi náà wúwo. Ìdí nìyẹn tí òkìtì fi ń ya lẹ́yìn òjò. Nígbà mìíràn, òjò á ti dá fún ọjọ́ mélòó kan kó tó ya, torí omi kì í yára rìn nínú amọ̀.

Ọ̀dá ńkọ́? Irú amọ̀ tó pọ̀ ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń wú tó bá mu omi, ó sì máa ń sún kì tó bá gbẹ. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí igi tó wà lára òkìtì sì fa omi inú rẹ̀ mu, orí òkìtì á rì níbì kan ju ibòmíràn lọ. Irin tó tẹ́ pẹrẹsẹ tẹ́lẹ̀ á wá di gbágungbàgun. Ọkọ̀ tó bá sáré kọjá lórí rẹ̀ á máa mì lọ́tùn-ún lósì, ó sì lè yẹ̀ kúrò lójú irin, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pàṣẹ pé kí ó rọra. Ọ̀nà Salisbury sí Exeter wá ní ibi tó gùn tó jẹ́ pé ojú irin kan ṣoṣo ni ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ jọ ń lò. Tí ọ̀kan bá falẹ̀, èkejì á dúró dè é, iye ọkọ̀ tó lè kọjá lójúmọ́ á sì dín kù. Bí ọ̀dá ṣe dá ọkọ̀ dúró nìyẹn.

Èyí tó burú jù ni pé ọ̀dá àti òjò ń ran ara wọn lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀rùn á la ilẹ̀, òjò á gba ojú ibi tó là wọlé dé ìsàlẹ̀ ibi tí kì bá má dé. Amọ̀ tó bá sì wú, tó sún kì, tó tún wú, lọ́dọọdún fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, agbára rẹ̀ á máa lọ díẹ̀díẹ̀. Òkìtì tó ti dúró láti ìgbà ayé Ọbabìnrin Victoria lè ya lọ́dún yìí, láìjẹ́ pé òjò ọdún yìí pọ̀ ju gbogbo òjò tó ti rọ̀ sẹ́yìn lọ.

Kí ni ojú lè rí kó tó ya?

Ẹnjiníà tó bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀ kì í gbé ẹ̀rọ ńlá dání. Ó máa ń fẹsẹ̀ rìn ni, láti orí dé ẹsẹ̀ òkìtì, á sì máa fi ojú wo ikùn rẹ̀. Ìgbà òtútù tí ewé ti wọ́ tán ló dára jù, torí igbó ń bo àṣírí.

Lórí òkìtì, ibi tí ilẹ̀ bá ti là gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin ló ń wá. Tí ilẹ̀ bá kàn là wẹ́wẹ́ síbí sọ́hùn-ún, ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn ló fà á. Ṣùgbọ́n èyí tó gùn, tí ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ sí ìhà ìsàlẹ̀, tí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sì ti relẹ̀ ju èkejì lọ, ìyẹn ti ń ya ná. Á fi rúlà wọn bí ẹ̀gbẹ́ kan ṣe relẹ̀ tó, á kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tó wọ̀n ọ́n. Á kan èèkàn kan sápá òkè, á kan òmíràn sápá ìsàlẹ̀, á sì wọn àárín wọn. Tó bá padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èèkàn méjèèjì yẹn ló máa kọ́kọ́ wọ̀n.

Lára ikùn, igi ni kí ẹ wò. Igi tó bá dàgbà lórí ilẹ̀ tí kò dúró máa ń tẹ̀ nídìí, torí bí ilẹ̀ ṣe ń gbé ìdí rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ni orí rẹ̀ ń wá bó ṣe máa nàró. Òpó ọgbà tó yẹ kó wà lóòró á ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní ẹsẹ̀ òkìtì, ilẹ̀ á wú jáde, torí ohun tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè gbọ́dọ̀ ríbi gbà. Ẹ tún wo koríko: tí irú èyí tó ń hù létí odò bá hù níbi tí odò ò sí, omi ń sun níbẹ̀.

Ẹranko náà ń dá kún un. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, àwọn badger, ẹranko kan tó máa ń gbẹ́ ihò jínjìn, gbẹ́ abẹ́ ojú irin nítòsí Esch ní ilẹ̀ Netherlands débi pé wọ́n dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà ńlá tó lọ sí Eindhoven. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1992 dáàbò bo ẹranko yìí, nítorí náà wọn ò lè kàn dí ihò rẹ̀ láìgba àṣẹ.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń wo máàpù àtijọ́?

Kí wọ́n tó gbẹ́ ihò kankan, wọ́n á lọ wo ìwé: máàpù tí wọ́n yà kí òkìtì tó wà níbẹ̀, fọ́tò tí wọ́n yà látòkè, àkọsílẹ̀ àtúnṣe tí wọ́n ti ṣe sẹ́yìn. Ohun tí wọ́n ń wá ni odò tí wọ́n bò mọ́lẹ̀, ibi tí omi ti ń sun tẹ́lẹ̀, kòtò tí wọ́n ti dí. Àwọn kan máa ń rò pé èyí ń fi àkókò ṣòfò, pé kí wọ́n gbé ẹ̀rọ wá kíákíá. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Aberfan sì ni ìdí.

Aberfan jẹ́ abúlé àwọn tó ń wa èédú ní Wales. Lórí òkè tó wà lókè abúlé náà ni ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó èédú ń da pàǹtírí ibi ìwakùsà sí. Ọdún 1958 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ òkìtì pàǹtírí keje, orí ibi tí omi ti ń sun ni wọ́n sì gbé e kà. Ibi tí omi náà ti ń sun wà nínú máàpù tí ìjọba ti tẹ̀ jáde ṣáájú. Ní àárọ̀ ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 1966, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ òjò, òkìtì náà ya, ó sì ṣàn wọ abúlé. Ó bo ilé ẹ̀kọ́ Pantglas mọ́lẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sí kíláàsì. Èèyàn 144 ló kú, 116 nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Edmund Davies darí rẹ̀ wádìí ọ̀rọ̀ náà, ó sì dá ilé iṣẹ́ èédú náà lẹ́bi. Ẹni tó bá ṣí máàpù yẹn, tó sì ronú lé e lórí, ì bá ti mọ̀ pé kò yẹ kí ohunkóhun wà lórí omi náà.

Ihò tí wọ́n ń gbẹ́, kí ló wà fún?

Wọ́n á gbẹ́ ihò tóóró láti orí òkìtì, láti ikùn rẹ̀, àti láti ẹsẹ̀ rẹ̀, títí tí wọ́n á fi kọjá erùpẹ̀ tí èèyàn kó wá, tí wọ́n á sì wọ ilẹ̀ àbáláyé tó wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n á máa fi páìpù yọ amọ̀ jáde bó ṣe jókòó nísàlẹ̀, wọ́n á sì dì í dáadáa kó má bàa gbẹ. Ní láàbù, wọ́n á la á sí méjì. Níbi tí ilẹ̀ bá ti ń yọ̀ lórí ara rẹ̀, ẹ máa rí i pé ojú amọ̀ ń dán, àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà lára rẹ̀ tó kọjú sí ìhà ibi tí ilẹ̀ ń lọ. Amọ̀ tó bá ti ń dán bẹ́ẹ̀ kò ní agbára púpọ̀ mọ́.

Ihò méjì ló ṣe pàtàkì jù lọ lójú mi, torí wọn kì í dí wọn pa.

Ti àkọ́kọ́ ni ti omi. Wọ́n á ki páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, tí orí rẹ̀ nísàlẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ tí omi lè gbà wọlé, wọ́n á da yanrìn yí orí náà ká, wọ́n á sì fi amọ̀ dí òkè yanrìn náà kí omi òjò má bàa ṣàn wọ̀ ọ́ láti òkè. Òṣìṣẹ́ á sọ tépù kan kalẹ̀ sínú rẹ̀, tépù náà á dún tó bá kan omi. Ìwọ̀n tó bá kà níbẹ̀ ló ń sọ bí omi ṣe ga tó nínú òkìtì. Tó bá ń kà á lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, láti ẹ̀ẹ̀rùn wọ ìgbà òjò, á rí bí omi ṣe ń gòkè àti bó ṣe ń sọ̀. Kíkà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ò sọ nǹkan kan fún èèyàn, pàápàá tó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n kà á.

Ti èkejì ni ti ìrìn ilẹ̀. Páìpù oníke ni wọ́n ń rì sínú rẹ̀, tí ojú ọ̀nà mẹ́rin wà nínú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n á sọ irin gígùn kan tó ní kẹ̀kẹ́ kéékèèké kalẹ̀, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ á wọ ojú ọ̀nà náà, á sì lọ dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Lẹ́yìn náà wọ́n á máa fà á bọ̀ lókè, wọ́n á dúró ní gbogbo ìdajì mítà kí wọ́n kọ bó ṣe fì tó. Wọ́n á yí i padà, wọ́n á tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì kí àṣìṣe ẹ̀rọ lè hàn. Tí ilẹ̀ bá rìn, páìpù á tẹ̀, ibi tó bá sì ti tẹ̀ ni ibi tí òkìtì ti ń yọ̀. Ohun tí gbogbo èèyàn ń bi ara wọn nìyẹn: ṣé mítà méjì ni ó jìn, àbí mítà mẹ́jọ? Ẹ̀rọ yìí ń mọ ìrìn tó kéré tó mìlímítà díẹ̀, kí ojú tó rí ohunkóhun lókè.

Ìdí tí jíjìn rẹ̀ fi ṣe kókó hàn ní dáàmù Carsington ní Derbyshire. Ní oṣù kẹfà ọdún 1984, ó kù díẹ̀ kí wọ́n parí dáàmù náà, wọn ò sì tíì jẹ́ kí omi kún un, nígbà tí ẹ̀gbẹ́ tó yẹ kó kọjú sí omi ya. Lábẹ́ rẹ̀ ni ipele tín-ínrín amọ̀ aláwọ̀ ìyeyè kan wà tí wọn ò gbẹ́ kúrò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ilẹ̀ ti yọ̀ lórí amọ̀ yìí rí láyé àtijọ́ tí òtútù yìnyín mú gan-an, àpá rẹ̀ sì ṣì wà nínú rẹ̀. Ìṣirò tí wọ́n ṣe tẹ́lẹ̀ fi hàn pé dáàmù máa dúró, ṣùgbọ́n amọ̀ kì í juwọ́ sílẹ̀ níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Ibì kan á kọ́kọ́ rẹ̀, á gbé ẹrù rẹ̀ lé ibi tó múlé tì í, ìyẹn náà á rẹ̀, títí gbogbo rẹ̀ á fi ṣí. Wọ́n ní láti kọ́ dáàmù náà tuntun, pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ tó túbọ̀ tẹ́. Ọdún 1992 ni Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ṣí i.

Báwo ni ìṣirò ṣe ń sọ bó ṣe lágbára tó?

Lẹ́yìn tí èbúté kan ya wọnú omi ní Gothenburg, ní Sweden, lọ́dún 1916, àwọn ẹnjiníà ibẹ̀ ṣàkíyèsí pé ibi tí ilẹ̀ amọ̀ ti ń yọ̀ sábà máa ń tẹ̀ kọdọrọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìlà tó tẹ̀ bẹ́ẹ̀ sínú àwòrán òkìtì, wọ́n á ṣírò ohun tó ń fa ilẹ̀ orí ìlà náà wálẹ̀, wọ́n á ṣírò ohun tó ń dì í mú, wọ́n á sì fi ti ìṣáájú pín ti èkejì. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é lónìí, ó ń dán ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà wò, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni.

Tí èsì bá jẹ́ 1, ohun tó ń dì í mú àti ohun tó ń fà á dọ́gba. Ó ti fẹ́ lọ nìyẹn. Fún òkìtì tí wọ́n tún ṣe, wọ́n sábà máa ń fẹ́ nǹkan bí 1.3, fún dáàmù tí omi kún, 1.5.

Ohun kan wà nínú ìṣirò yìí tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Òkìtì tó ti ń ya, a ti mọ èsì tirẹ̀ láìṣírò: 1 ni. Tí wọ́n bá wá mọ bí omi ṣe ga tó àti bí ibi tó ti ń yọ̀ ṣe jìn tó, wọ́n lè ṣe ìṣirò náà sẹ́yìn kí wọ́n rí agbára amọ̀ gan-an. Kò sí àdánwò láàbù tó tóbi tó ìyẹn. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí wọ́n yára kó ilẹ̀ tó ya kúrò kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n.

Ọ̀nà wo ni wọ́n ń gbà tún un ṣe?

Ohun tó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn ẹni tó bá rí orí òkìtì tó rì ni pé kó da erùpẹ̀ lé e kó lè tẹ́. Ó ń burú bẹ́ẹ̀. Erùpẹ̀ tuntun tí wọ́n dà sórí jẹ́ ẹrù tuntun lórí ohun tó ti ń ṣubú. Èmi gbà pé òun ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ó sì dùn mí pé a ṣì ń rí i lójú ọ̀nà káàkiri.

Ìtọ́jú àkọ́kọ́ rọrùn: ẹ gbé ẹrù kúrò lórí, ẹ dín eré ọkọ̀ kù tàbí kí ẹ dá a dúró, ẹ fi tapólì bo ibi tó là kí òjò má bàa wọ̀ ọ́, ẹ yí gọ́tà tó ń da omi síbẹ̀ gba ibòmíràn. Tí erùpẹ̀ bá wà láti dà, ẹsẹ̀ ni kí wọ́n dà á sí. Òkúta ńláńlá tí wọ́n bá tò sí ẹsẹ̀ òkìtì ń fi ìwúwo rẹ̀ tako ilẹ̀ tó ń bọ̀ látòkè, omi sì ń rí àárín rẹ̀ gbà jáde.

Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí ìwádìí bá sọ ló máa pinnu. Tó bá jẹ́ pé omi ló ga jù, wọ́n á gbẹ́ kòtò tóóró tó sọ̀ kalẹ̀ lára ikùn òkìtì, wọ́n á kó òkúta wẹ́wẹ́ kún un, wọ́n á sì jẹ́ kó já sí gọ́tà nísàlẹ̀. Kò ní ẹwà, ẹnikẹ́ni kì í wá ya fọ́tò rẹ̀, ṣùgbọ́n tí omi bá sọ̀ kalẹ̀ ní mítà kan péré, ìdìmú erùpẹ̀ á padà bọ̀ sípò lọ́nà tó máa ya èèyàn lẹ́nu. Tó bá jẹ́ pé ibi tí ilẹ̀ ti ń yọ̀ kò jìn, wọ́n lè gbẹ́ amọ̀ tó ya kúrò pátá, kí wọ́n fi òkúta tí wọ́n lọ̀ rọ́pò rẹ̀, tàbí kí wọ́n tẹ́ àwọ̀n oníke tó lágbára sáàárín ipele erùpẹ̀ tuntun. Tí àyè bá wà, wọ́n á jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ túbọ̀ tẹ́, ṣùgbọ́n ìyẹn gba ilẹ̀, ilẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni ló sì sábà máa ń wà lẹ́sẹ̀ òkìtì.

Níbi tí ó bá jìn, irin ló kù. Wọ́n lè gbá irin pẹlẹbẹ gígùn wọlẹ̀ kí ó so mọ́ra wọn di ògiri, wọ́n lè gbẹ́ ihò ńlá kí wọ́n rọ kọnkéré sí i, wọ́n sì lè fi irin gbọọrọ gún ikùn òkìtì kí wọ́n fi símẹ́ǹtì dì í mú nínú. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjá ibi tí ilẹ̀ ti ń yọ̀ kó tó wúlò. Irin mítà mẹ́rin tí wọ́n gbá sínú òkìtì tó ń yọ̀ ní mítà mẹ́fà, òun àti òkìtì ló jọ máa bọ́ sísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró pẹ́ lórí páìpù tó ń tẹ̀.

Ṣé kí wọ́n gé igi ni, àbí kí wọ́n fi í sílẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Àwọn ará àdúgbò ò fẹ́ kí wọ́n gé igi, ẹnjiníà ní ó ń la ilẹ̀. Òótọ́ wà lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì. Igi ńlá bíi oak ń fa omi púpọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, orí òkìtì á sì rì. Ṣùgbọ́n omi tí igi ń fà tó ń mú kí amọ̀ gbẹ yẹn náà ló ń fún un lágbára, gbòǹgbò sì ń di ilẹ̀ mú. Tí wọ́n bá gé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, omi á padà kún amọ̀, amọ̀ á wú fún ọdún púpọ̀, òkìtì tí kò ya rí á wá ya. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe báyìí ni pé wọ́n ń gé igi ńlá kúrò ní apá òkè, níbi tó ti lè yí irin po, wọ́n á sì fi àwọn tó wà ní ìdá kan nínú mẹ́ta tó kángun sí ẹsẹ̀ sílẹ̀.

Nílé ńkọ́?

Ojú irin àkọ́kọ́ tó so Èkó mọ́ Ìbàdàn, 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó dé Ìbàdàn ní 1901. Tuntun tó tóbi jù ú lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021. Ilẹ̀ pupa tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa kì í sábà wú, kì í sì í sún kì tó amọ̀ gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà ọ̀dá kì í yọ wá lẹ́nu bẹ́ẹ̀. Ọ̀tá tiwa ni àgbàrá. Òjò wa máa ń rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, omi orí ọ̀nà á wá ibi tí gọ́tà ti fọ́ tàbí ibi tí ìdọ̀tí ti dí i, á gba ibẹ̀ ṣàn sára ikùn òkìtì, á gbẹ́ ẹ di kòtò láàárín òjò mélòó kan. Tí ẹ bá rí ibi tí ẹ̀gbẹ́ ọ̀dà ti ń jẹ wọlé nítòsí afárá, ẹ wo gọ́tà òkè rẹ̀ kí ẹ tó wo ohunkóhun. Ilẹ̀ pupa tí wọ́n bá dà sínú kòtò náà láìtún gọ́tà ṣe, òjò tó ń bọ̀ ló máa kó o lọ.

Wọ́n ti tún un ṣe, kí ló dé tí ọkọ̀ ṣì ń rọra lọ?

Ìbéèrè yìí ni mo ń gbọ́ jù, ó sì tọ́ kí wọ́n béèrè. Àtúnṣe parí, òṣìṣẹ́ ti kó ẹrù wọn, síbẹ̀ ọkọ̀ ń wọ́ kọjá níbẹ̀ bíi pé nǹkan kan ò yí padà.

Erùpẹ̀ tuntun ń rì, bó ti wù kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tó. Bó bá ṣe ń rì, wọ́n á gbé ẹ̀rọ tó ń gbọn òkúta wọ abẹ́ irin wá, wọ́n á tún irin tẹ́, wọ́n á padà wá tún un tẹ́. Páìpù omi àti páìpù ìrìn ilẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, wọ́n sì ń kà á. Kòtò òkúta tí wọ́n gbẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò tíì rí òjò ńlá. Ìgbà òtútù tó bá tẹ̀ lé e ni wọ́n máa mọ̀ bóyá omi kò gòkè ju ibi tí ìṣirò sọ lọ. Nítorí náà wọ́n máa ń fẹ́ kí òkìtì la òjò kan àti ẹ̀ẹ̀rùn kan kọjá. Tí páìpù kò bá tẹ̀, tí omi sì dúró níbi tó yẹ, wọ́n á gbé eré ọkọ̀ sókè díẹ̀, wọ́n á tún kà á, kí wọ́n tó gbé e sókè lẹ́ẹ̀kejì.